Ohun tí Alcide Kọ Sábẹ́ Òrùlé

Èmi Léona kì í ṣe alágídí. Ẹni tó bá ní alágídí ni mí, kó wá wò mí lójú kó sọ ọ́. Lorette ọmọ mi ló sọ ọ́ kẹ́yìn, ó sì wò mí lójú lóòótọ́, àmọ́ èmi ni mo bí i, ọ̀dọ̀ mi náà ló ti kọ́ ojú wíwò yẹn.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò ju òrùlé lọ. Òrùlé ilé mi ń jò. Òkè yàrá tí mo ń sùn ló ti ń jò, ní apá ibi tí ọkọ mi Alcide máa ń sùn sí nígbà tó wà láyé, garawa sì ti gba àyè rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé òun ni mo tún fẹ́. Ọdún kẹfà rèé. Bí òjò bá ti rọ̀, tàbí tí yìnyín bá ti ń yọ́, á máa kán tó, tó, tó sínú garawa, èmi á sì kọ ẹ̀yìn sí i. Gbogbo ará àdúgbò ló mọ̀. Wọ́n á ní, "Léona, òrùlé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, kí lo tún ń dúró dè?" Mà á ní kí wọ́n lọ máa wo òrùlé tiwọn.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Lorette wa ọkọ̀ wá láti Connecticut, ìrìn wákàtí mẹ́jọ gbáko sí òkè àríwá wa níbí. Kò tíì gbé báàgì rẹ̀ wọlé tó fi gòkè lọ wo garawa. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, kò tiẹ̀ kí mi.

"Màmá, páànù la máa kàn."

"Àwa wo?"

"Èmi àti ẹ̀yin."

"Ọ̀dà ni mo fẹ́."

Ohun méjì yẹn náà ló wà létí odò wa níbí. Ọ̀dà ni àwọn pélébé dúdú tí wọ́n fi iyanrìn rá lójú, tí wọ́n ń kàn léra wọn bí ìpẹ́ ẹja. Á lo ogún ọdún, tó bá pẹ́ jù á lé díẹ̀, wọ́n á tú u dànù, wọ́n á kan òmíràn. Páànù ní tirẹ̀, àádọ́ta ọdún. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, abà àti ilé tí a ń kó pòtétò sí ni wọ́n ń kan páànù sí. Bàbá Alcide máa ń sọ pé màlúù ló ń sùn lábẹ́ páànù. Àmọ́ ní báyìí ìdajì ìlú ti di páànù, pupa lọ́tùn-ún, àwọ̀ ewé lósì, nítorí pé yìnyín kì í jókòó lórí rẹ̀. Á kàn yọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gbé ṣọ́bìrì gòkè.

Lorette kò bá mi jiyàn lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn pe onípáànù lẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní dé, ó yí ilé po, ó fi okùn wọn ibí, ó wọn ọ̀hún, ó wá jókòó sí tábìlì mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Inú yín á dùn, Màmá. A ò tiẹ̀ ní tú ti àtijọ́ yìí. Orí rẹ̀ náà la máa to igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí, ká kan páànù lé e. Ọjọ́ kan ààbọ̀, ó parí. Kò sí ìdọ̀tí, kò sí ìṣó nínú koríko. Ẹ ò sì ní rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ láyé."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ ò ní rí i mọ́ láyé, mà. Àádọ́ta ọdún!"

Ó rò pé ìròyìn ayọ̀ lòun mú wá. Mo dìde, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo dì í mú kó lè rí ibi tó máa gbà dáadáa.

"Ọmọ dáadáa, ọ̀nà rèé."

Ojú ti Lorette débi pé etí rẹ̀ pọ́n. Ó sin ọmọkùnrin náà dé ìdí ọkọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó padà wọlé ló pè mí ní alágídí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò lè sọ fún un.

Nílé Alcide, àṣà kan wà. Bí wọ́n bá ti tú òrùlé tán, tí pákó wà níhòòhò, kí wọ́n tó tẹ́ bébà lé e, àwọn tó ṣiṣẹ́ náà á mú pẹ́ńsù káfíńtà, oníkálukú á kọ orúkọ rẹ̀, á kọ ọdún, á sì kọ ohunkóhun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀ sórí pákó. Lẹ́yìn náà wọ́n á bò ó. Èèwọ̀ ibẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n bá kọ sókè, wọn kì í sọ ọ́ nílẹ̀. Ó dìgbà tí wọ́n bá tún tú u, ní ogún ọdún lé díẹ̀, kí wọ́n tó kà á sókè ketekete, àwa tó wà nínú koríko nísàlẹ̀ á sì máa gbọ́. Báyìí ni mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá àgbà Alcide, tó ti kú kí n tó wọlé wọn. Ní 1934, lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, ló kọ tirẹ̀: "Ọwọ́ mi ti dì. Ọkùnrin ló bí. Màríà, o ṣeun." Bàbá Alcide kọ ní 1955 pé: "Ẹ̀wà lánàá, ẹ̀wà lónìí, ẹ gbà mí." Ìyá ọkọ mi wà nínú koríko lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìyẹn ní 1977. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi dá ọkọ rẹ̀ lóhùn.

Ní 1999 ó kan Alcide. Èmi ni mo kọ́kọ́ dárúkọ páànù nínú ilé yìí, ẹ gbọ́ ọ. Páànù ni mo fẹ́ nígbà yẹn! Ilé ìyá ìyá mi létí odò, páànù ni wọ́n kàn sí i, àwa ọmọ márùn-ún la máa ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan lókè àjà. Bí òjò bá ti dé, ariwo ìyá àgbà á dópin, torí ta ló máa gbọ́ ọ? Ariwo òjò yẹn á bò wá mọ́lẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mi ò tún sùn bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé Alcide, òjò ń rọ̀ lórí mi, mi ò gbọ́ ọ. Ọ̀dà kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ nǹkan kan. Àárò ariwo yẹn máa ń sọ mí débi pé bí òjò bá ká mi mọ́ inú abà, mà á jókòó sáàárín àwọn màlúù, mi ò ní fẹ́ wọlé.

Mo sọ ọ́ fún Alcide. Ó ní, "Ṣé màlúù ni ọ́ ni?"

Háà! Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi dáná fún un. Òun àti Gédéon ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń kan ọ̀dà lókè, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, mo jókòó sí ìta níbi tí wọ́n á ti rí mi, mo ń jẹ ẹran. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Alcide sọ̀kalẹ̀, ó ń fọ ọwọ́, ẹ̀rín kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Ó ní, "Mo kọ nǹkan sí ọ lókè yẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì wa gan-an."

"Kí lo kọ?"

"Wàá kà á nígbà tí wọ́n bá tú u. Ogún ọdún. O ò gbọdọ̀ kú, o ò sì gbọdọ̀ kọ̀ mí sílẹ̀ títí dìgbà yẹn."

Mo ju aṣọ ìnuwọ́ lù ú lójú. Èmi kọ́ ni mo wá kú. Ní oṣù kejì ọdún 2011, yìnyín pọ̀ lórí òrùlé débi pé igi àjà ń ké, Alcide gbé ṣọ́bìrì gòkè lọ kó o dànù. Ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ dúró. Inú yìnyín tó kó wálẹ̀ náà ló ṣubú sí, ibẹ̀ ni mo ti bá a.

Bí ogún ọdún ṣe pé, tí òrùlé sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ẹni tó bá lọ́pọlọ á tú u. Èmi pe Gédéon pé kó wá fi ọ̀dà inú agolo lẹ̀ ẹ́. Ó lẹ̀ ẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́, ó lẹ̀ ẹ́ lọ́dún kejì, ó lẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú u. Kí ló dé? Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá kà á tán, ó parí nìyẹn, Alcide kò ní ọ̀rọ̀ kankan tó máa bá mi sọ mọ́ láyé. Níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá tíì kà á, ọkọ mi ṣì ní nǹkan lẹ́nu tó fẹ́ sọ fún mi. Mò ń sùn sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn lálaalẹ́. Ta ni mo fẹ́ wí fún? Wọ́n á ní orí ìyá ti dàrú.

Ọ̀dà tí mo ń pariwo náà rèé. Ọ̀dà túmọ̀ sí pé wọ́n á tú u. Páànù ọmọkùnrin yẹn túmọ̀ sí pé wọ́n á sé ẹnu Alcide pa, èmi á sì kú láìgbọ́ ọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Lorette lọ pe Gédéon wá láti bá òun bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Gédéon, ó ṣì ń gun òrùlé bí ológbò. Kò kan ilẹ̀kùn rí láyé rẹ̀. Mò ń dín ployes lọ́wọ́, àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wa tí a kì í yí padà lójú iná, ó sì ti mú ọ̀kan kó tó jókòó.

"Ìyàwó wa, wọ́n ní o lé ọmọ ọlọ́mọ jáde."

"Ilẹ̀kùn ni mo ṣí fún un. Fi bọ́tà sí i, kí o yéé jẹ ẹ́ bí olè."

Lorette ní, "Ọ́ńkù Gédéon, ẹ bá mi dá sí i. Ọ̀dà ni wọ́n ní àwọn fẹ́."

Gédéon dẹ́kun jíjẹ. "Ta ló fẹ́ ọ̀dà?"

"Màmá."

"Léona? Léona yìí? Ọ̀dà?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ikọ́ fi gbé e, ó ń fi ọwọ́ lu tábìlì. "Obìnrin tó febi pa mí fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí páànù! Alcide, ṣé ò ń gbọ́?" Ó gbójú sókè sí àjà bó ṣe ń sọ ọ́, lójijì ló nu ojú, ó sì dojú kọ oúnjẹ rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló tún wá bà ọ́ lẹ́nu jẹ́?"

"Kò sí. Mú bọ́tà wá."

Lorette dìde. "Kò pa mí lẹ́rìn-ín o. Kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Ní oṣù kejì tó kọjá, ta ni wọ́n rí lórí àkàsọ̀ tó ń ha yìnyín? Ìyá ọdún méjìdínlọ́gọ́rin! Òrùlé ọ̀dà yẹn ló pa bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ pè mí lọ́jọ́ náà, Màmá, ẹ ò tiẹ̀ lè sọ pé ó kú. 'Ṣọ́bìrì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣọ́bìrì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀,' ohun tí ẹ ń wí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ní yìnyín ń bọ̀ lókè níbí, mi kì í sùn. Mà á máa wo fóònù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mi ò lè ṣe é mọ́. Ẹ kan páànù, tàbí kí ẹ kó ẹrù yín, ká jọ lọ sí Connecticut. Ọ̀kan nínú méjèèjì."

Mi ò mọ̀ pé kì í sùn. Ọdún mẹ́tàlá, kò sọ fún mi rí. Ployes jóná lójú iná, kò sẹ́ni tó yọ ọ́.

Gédéon kó fìlà rẹ̀. "Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ níbì kan," ló wí, irọ́ sì ni. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ìyàwó wa, sọ ọ́ fún ọmọ rẹ. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Mo ronú sí i pé kí ni Gédéon mọ̀ tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo pa iná, mo di ọwọ́ Lorette mú, mo mú un gòkè lọ sí yàrá. Mo jókòó sí apá tèmi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó sí apá bàbá rẹ̀, garawa wà láàárín wa. Mo na ọwọ́ sí àjà, sí ibi tó ti dúdú, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Òun náà gbójú wo àjà.

"Bàbá kọ̀wé sí yín, ẹ ò wá fẹ́ kà á."

"Mo fẹ́ kà á."

"Ọdún mẹ́fà lẹ fi ń gbé garawa sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ní ẹ fẹ́ kà á?"

"Lorette, bí mo bá kà á tán, kí ló kù tí mà á máa retí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. "Ẹ ò rí ara yín bí? Èmi náà ìbá fẹ́ gbọ́ ọ. Bàbá tèmi náà ni." Ìyẹn gan-an ni mi ò rò rí. Ó fi etí aṣọ nu imú. "A máa tú u, Màmá. Ẹ kọ́kọ́ kà á. Lẹ́yìn náà ká wá yan èyí tí a máa kàn."

"Tí mo bá wá fi páànù bo gbogbo wọn, bàbá àgbà, oní-ẹ̀wà, gbogbo wọn, ta ló máa tún kà wọ́n?"

"Ẹ kọ́kọ́ kà á ná."

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ ni Gédéon àti àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì wá, àwọn náà ti hu ewú. Ó yẹ kí wọ́n ṣe é tán kí wíwa pòtétò tó bẹ̀rẹ̀, torí bí iṣẹ́ yẹn bá ti dé, kò sẹ́ni tí ẹ máa rí. Àwọn aládùúgbò gbé àga wá sínú koríko. Ọ̀dà àtijọ́ ń já bọ́ wálẹ̀ gbì, gbì, ìṣó ń fọ́n káàkiri. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, pákó ti wà níhòòhò, Gédéon ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Ọwọ́ mi ti dì. Ọkùnrin ló bí. Màríà, o ṣeun!"

Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀wà lánàá, ẹ̀wà lónìí, ẹ gbà mí!"

Lorette rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ mi. Gédéon ka ti 1977, tó jẹ́ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tí òun àti Alcide kọ nípa àlùfáà ìgbà yẹn, mi ò ní tún un sọ. Ó ka tirẹ̀ ti 1999: "Ebi ń pa mí. Léona, Ọlọ́run ń wò ọ́." Ó wá rìn lọ sí orí yàrá mi. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó dúró bẹ́ẹ̀.

Mo ké pè é. "Kà á!"

Ó fi ọwọ́ ra pákó náà.

"Gédéon, kà á, mò ń gbọ́!"

"Ìyàwó wa," ló wí jẹ́jẹ́, "má gòkè wá."

Ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún mi nìyẹn? Mo ti dé ìdajì àkàsọ̀ kí Lorette tó mọ̀. "Màmá! Ẹ sọ̀kalẹ̀! Màmá o!" Ó di etí aṣọ mi mú, ó ń tẹ̀ lé mi gòkè. Mo rákò débẹ̀.

Pákó náà ti dúdú, ó rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Lápá òsì, mo rí "Léona" gbàgàdà, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tí kò gún rí. Lápá ọ̀tún, ní ìkángun, mo rí "Alcide, 1999". Láàárín méjèèjì kò sí nǹkan kan mọ́. Mo fi ìka kàn án, ìka mi wọlé lọ.

Ẹ gbọ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò ṣe é. Omi ọdún mẹ́fà ni, èmi ni mo sì jẹ́ kó wọlé. Mo ní mò ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọkọ mi, mo wá tọ́jú rẹ̀ títí ó fi jẹrà. Mo jókòó sórí òrùlé níṣojú gbogbo àdúgbò, mo sunkún bí ọmọdé, mi ò bo ojú.

Gédéon wá jókòó tì mí. Ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ní, "Pẹ́ńsù mi ló fi kọ ọ́."

Mo wò ó. "O rí i?"

"Mo dúró tì í."

"Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n! O mọ̀ ọ́n, o sì ń wá jẹ oúnjẹ mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú!"

"A kì í sọ ọ́ nílẹ̀, Léona. Ìwọ náà mọ̀."

"Ṣé ilẹ̀ la wà báyìí?"

Gédéon wo ìsàlẹ̀, ó wo àkàsọ̀, ó wò mí. "Rárá," ló wí, "ilẹ̀ kọ́ o." Ó wá ní, "Ṣé o fẹ́ gbọ́ ọ nísinsìnyí? Àbí kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀ díẹ̀ sí i?"

Mo wo orí rẹ̀ tó ti funfun. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

"Sọ ọ́ kíákíá," mo ní, "kí ìwọ náà tó jẹrà."

Ó dìde dúró, torí wọn kì í jókòó kà á. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ó ṣì ń rí i lórí pákó:

"Léona, ìwọ lo jàre. Bí wọ́n bá tú èyí, kí wọ́n kan páànù. Jẹ́ ká jọ gbọ́ òjò rẹ yẹn."

Lorette wà lórí àkàsọ̀ lẹ́yìn mi, mo gbọ́ bó ṣe ń mí.

Mo ní, "Kí ló dé tí kò sọ̀kalẹ̀ wá sọ ọ́ fún mi lójú ẹsẹ̀?"

"Mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní a ti kan ìdajì. Ó ní, 'Gédéon, obìnrin yẹn á fi mí rẹ́rìn-ín fún ogún ọdún. Jẹ́ kí n darúgbó ná, kó tó fi mí rẹ́rìn-ín.'"

Òpònú ọkùnrin. Òpònú ọkọ mi.

Èmi fúnra mi ni mo ní kí Lorette tún pe ọmọkùnrin onípáànù yẹn. Ó gbé páànù wá, kò fẹ́ wọlé, ojú ilẹ̀kùn ló ń wò ṣáá. Mo fún un ní ployes mẹ́rin, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Gédéon, tí kò kan páànù sórí ilé ènìyàn rí láyé rẹ̀, ló ní òun ló máa kàn án, ó sì ń bú páànù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Wọ́n yọ pákó tó jẹrà, wọ́n fi tuntun dípò rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gé ibi tí "Léona" wà fún mi, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Kí wọ́n tó bo òkè, Gédéon na pẹ́ńsù sí mi. Obìnrin kò kọ nǹkan sórí pákó yẹn rí. Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo ṣiṣẹ́." Ó ní, "Ìwọ lo gun òrùlé, àbí èmi ni mo gbé ọ wá?" Mo gòkè, mo kọ tèmi. Lorette kọ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó fi ọwọ́ bò ó kí n má bàa rí i. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo kọ, ilẹ̀ la wà yìí. Ẹni tó máa kà á, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì bí i. Kó máa bọ̀ ní tirẹ̀.

Lorette padà sí Connecticut. Ó ní òun á sùn lọ́dún yìí.

Òjò kò rọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ojú ọ̀run mọ́ kedere, àwọn alápòtétò ń dúpẹ́, èmi ń bínú. Mà á jáde, mà á wo òkè, mà á wọlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń ká aṣọ, mo gbọ́ ẹyọ òjò kan lókè. Mo gbọ́ èkejì. Mo fi aṣọ sílẹ̀, mo gòkè lọ sí yàrá, mi ò bọ́ bàtà, mo dùbúlẹ̀ sí apá tèmi. Ó wá dé. Ó bo gbogbo ilé. Ariwo yẹn ni, bí ó ṣe wà gan-an nílé ìyá àgbà, kò yàtọ̀ rárá, ọgọ́ta ọdún ó lé ni mo fi ń pa àárò rẹ̀ mọ́ra.

Ogún ọdún ẹ̀rín tí Alcide bẹ̀rù yẹn, mo ní in lẹ́nu. Mo ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wà lórí òrùlé: mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kí n ní, "Ta ni màlúù báyìí?" Mi ò rí ẹni tí mo máa rín in sí.

Garawa kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo na ọwọ́ sí apá tirẹ̀, ó gbẹ. Mo ní, "Alcide, ó ti dé o. Ṣé ò ń gbọ́?"

Òjò ń rọ̀ débi pé mi ò gbọ́ ohùn ara mi.